Gbígba Arúgbó Ajá Sí Ilé

Bí ènìyàn bá lọ sí ọjà láti ra ẹran ọ̀sìn, kò ní pẹ́ tí yóò fi ya ẹnu ẹran náà wo eyín rẹ̀. Ẹni tí ó ra ewúrẹ́ ń ro ọmọ tí yóò bí. Ẹni tí ó ra àgbébọ̀ adìẹ ń ro ẹyin tí yóò yé. Ẹni tí ó sì gba ọmọ ajá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ro ọdún púpọ̀ tí ajá náà yóò fi ṣọ́ ilé, tàbí tí yóò fi bá a dẹ ìgbẹ́. Kò sí ẹni tí í sọ fún ọlọ́jà pé, "Bá mi mú èyí tí ó gbó jù lọ níbẹ̀." Ohun tí ó ń bọ̀ ni gbogbo wa ń náwó lé, a kì í náwó lé ohun tí ó ń lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ó ṣeé ṣe kí ẹnu yà yín bí mo bá sọ pé àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ lọ sí ibi tí a kó ajá sí, tí wọ́n sì ń yan èyí tí irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, tí etí rẹ̀ ti di, tí kò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Mo mọ ọ̀kan nínú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni.

Màmá Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo ẹbí wa ń pè wọ́n, nítorí ó ti ju 40 ọdún lọ tí wọ́n ti ń gbé ní Peckham, ní apá gúúsù ìlú náà, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra ẹ̀lùbọ́ àti ata rodo láì rin ìrìn jíjìn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn méjèèjì sì ti lọ sí ilé tiwọn. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní oṣù keje ọdún 2022, ẹni ọdún 73 ni wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin tí mo dé, wọ́n ní kí n wọ bàtà mi, kí n sin àwọn lọ sí ibì kan. Ilé tí a ń kó àwọn ajá àti ológbò tí kò ní olówó mọ́ sí ni a lọ.

Kí n tó sọ ohun tí a bá níbẹ̀, ó yẹ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ nípa irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1824 ni àwọn ènìyàn kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa gba ẹranko lọ́wọ́ ìwà ìkà. Ẹgbẹ́ náà ni ó di RSPCA ní ọdún 1840, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria fún un ní àṣẹ láti máa fi oyè ọba kún orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ilé àbò fún ajá tí ó sọnù, obìnrin kan tí a kò lè gbàgbé ni Mary Tealby, ẹni tí ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1860 ní Holloway, ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ní àkókò náà, ajá tí kò ní olówó pọ̀ ní ìgboro, ebi sì ń pa wọ́n kú ní ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn oníwèé ìròyìn kan fi iṣẹ́ obìnrin yìí ṣe ẹlẹ́yà, bí ẹni pé ọgbọ́n orí rẹ̀ kò pé. Ó kú ní ọdún 1865, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Ní ọdún 1871 wọ́n kó ilé náà lọ sí Battersea, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní; láti ọdún 1883 ni wọ́n sì ti ń gba ológbò pẹ̀lú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Èyí tí Màmá mú mi lọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kò tóbi.

Òfin ibẹ̀ ni pé bí a bá rí ajá tí ó ń rìn kiri láìsí olówó rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ yóò pa á mọ́ fún ọjọ́ 7, kí alájá lè wá a wá. Láti ọdún 2016 pẹ̀lú ni òfin ti sọ pé gbogbo ajá tí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ gbọ́dọ̀ ní ohun kékeré kan, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ní abẹ́ awọ ọrùn rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà nínú ohun náà. Bí a bá fi ẹ̀rọ ka nọ́ńbà yìí, a ó rí orúkọ alájá nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ajá tí ó wà nínú ilé wọ̀nyí ni ó sọnù. Olówó òmíràn kú; olówó òmíràn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbi tí a kò ti gba ajá; òmíràn kó lọ sí ilé tí onílé kò fẹ́ ẹran; òmíràn kò sì rí owó dókítà ẹran san mọ́. Ẹ ó rí i pé nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ajá.

Nígbà tí a wọlé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú wa rìn láàárín àwọn yàrá kéékèèké tí a fi irin ṣe ilẹ̀kùn wọn. Ariwo pọ̀ níbẹ̀. Níwájú yàrá tí àwọn ọmọ ajá wà, ìdílé mẹ́ta ni ó dúró, tí àwọn ọmọ wọn ń fò sókè, tí wọ́n ń na ìka sí èyí tí wọ́n fẹ́. Màmá kò dúró níbẹ̀. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìpẹ̀kun ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, níbẹ̀ ni a sì ti rí ajá kékeré kan tí ó dùbúlẹ̀ lórí aṣọ. Dúdú ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ àti àyíká ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹni tí ó ki ẹnu bọ inú ìyẹ̀fun. Kò gbó, kò sì dìde. Rex ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 12 sì ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà sọ fún wa pé ọkùnrin arúgbó kan ni ó ti ni ín láti kékeré. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, kò sí ìbátan tí ó lè gbà á. Ó ti lo oṣù 5 níbẹ̀. Àwọn ọmọ ajá tí ó bá níbẹ̀ ti lọ, àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ti lọ.

Ohun kan tí ó wù mí nínú ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin náà ni pé kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní etí ajá náà ti di pátápátá. Ó ní làkúrègbé wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, pé wọ́n ti yọ eyín 4 tí ó jẹrà lẹ́nu rẹ̀, àti pé kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́, nítorí náà yóò máa lo oògùn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ apá kejì ọ̀rọ̀. Ajá náà kì í ṣe ìgbẹ́ sínú ilé. Kì í bu ọmọdé jẹ. Kì í jẹ bàtà, kì í sì í fa okùn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ bí wọ́n bá jọ ń rìn. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a rò. Ọmọ ajá dà bí irúgbìn tí a kò tí ì mọ adùn èso rẹ̀: ó lè di ẹni jẹ́jẹ́, ó sì lè di ìdààmú àdúgbò. Ṣùgbọ́n arúgbó ajá dà bí igi tí ó ti so níṣojú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó mú un lọ sí ilé mọ ohun tí ó mú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wọn ọkùnrin pè wọ́n lórí fóònù. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ ajá, ẹ jẹ́ kí a wá ọmọ ajá tí ara rẹ̀ le fún yín. Èyí yóò kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹkún ni yóò sì kù sí ilé." Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, èmi náà bi wọ́n pé, "Màmá, kí ni ẹ rí lára èyí tí ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán lọ́wọ́ ẹlòmíràn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò. Irú ajá kékeré báyìí lè lo ọdún 15, ó tilẹ̀ lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni ọdún 73 ni mí. Bí mo bá gba ọmọ ajá lónìí, nígbà tí ó bá di arúgbó, ẹni ọdún 88 ni èmi yóò jẹ́, bí Ọlọ́run bá dá mi sí. Bí n kò bá sí mọ́ ńkọ́? Ṣé ìwọ ni yóò ti Ìbàdàn wá mú un? Irú ilé tí a dé lónìí ni wọn yóò gbé e lọ, wọn yóò sì fi í sí ìpẹ̀kun ọ̀nà. N kò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi sọ ajá kankan di ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n èyí, bí ohun gbogbo bá lọ bí ó ti yẹ, òun ni yóò ṣáájú mi. Ní ti ẹkún tí ẹ ń sọ, mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 31, mo sì rí ẹni tí ó kú tí kò sí ẹni tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èyíinì ni ó burú. Kí ènìyàn sunkún ẹni tí ó lọ kò burú."

N kò ní èsì sí èyí. Ọmọ wọn náà kò sì tún pè mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni a fi ajá lé ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wá wo ilé Màmá. Wọ́n wo ọgbà bóyá ihò wà lára rẹ̀. Wọ́n béèrè wákàtí mélòó ni ajá yóò máa dá wà nínú ilé lójúmọ́. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì yí orúkọ alájá padà sí ti Màmá nínú ìwé àkọsílẹ̀. Owó tí wọ́n gbà kéré sí èyí tí wọ́n ń gbà lórí ọmọ ajá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé arúgbó ajá kò gba owó. Àwọn ẹgbẹ́ adójútòfò kì í sábà san owó àìsàn tí ó ti wà lára ẹran kí a tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé àbò náà ṣe ìlérí láti máa bá Màmá san lára owó oògùn kíndìnrín, nítorí ilé mìíràn a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá gba arúgbó ẹran. Ìyókù sì wà ní ọrùn wọn.

Kí Rex tó dé, a tẹ́ ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì sí ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ba yẹ̀. A ká aṣọ nípọn nípọn fún un láti sùn lé, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé. Oúnjẹ rẹ̀ ni a pín sí méjì, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, omi kò sì gbọdọ̀ tán nínú abọ́ rẹ̀ nítorí kíndìnrín rẹ̀. Màmá kò jẹ́ kí n fún un ní ẹran inú ọbẹ̀ wa, nítorí àlùbọ́sà lè ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé a kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ibuprofen lè ba ikùn àti kíndìnrín ajá jẹ́, paracetamol sì lè pa ológbò. Bí wọ́n bá fẹ́ pè é, wọn a fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, nítorí ajá tí kò gbọ́ ohùn ṣì ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mì.

Àwọn tí ó mọ̀ nípa ajá a máa sọ pé ọjọ́ 3 ni ìbẹ̀rù, ọ̀sẹ̀ 3 ni kíkọ́ àṣà ilé, oṣù 3 ni kí ajá tó gbà pé ilé òun ni. Fún ọjọ́ 3, Rex wà ní abẹ́ tábìlì, kò jẹun tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni a ṣe àkíyèsí ohun kan. Bí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, yóò dìde pẹ̀lú ìrora, yóò lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà, yóò sì kọjú sí ilẹ̀kùn. Bóyá wákàtí tí olówó rẹ̀ àtijọ́ ń wọlé ni, bóyá wákàtí tí wọ́n jọ ń jáde ni, kò sí ẹni tí ó lè sọ. Yóò dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n. Mo fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í. Báyìí ni wọ́n ń ṣe ní ojoojúmọ́ títí mo fi padà sí ilé. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà ní agogo 4, wọn a ṣí ilẹ̀kùn, wọn a sì bá a rìn dé ìkóríta kí wọ́n tó padà. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n pè mí lórí fóònù, ohùn wọn sì yàtọ̀. Wọ́n ní, "Agogo 4 lù lónìí, kò lọ sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Iwájú àga mi ni ó wá dúró sí."

Oṣù 19 ni wọ́n jọ gbé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kíndìnrín Rex kọṣẹ́ pátápátá. Kò lè jẹun, kò sì lè dìde. Dókítà ẹran sọ pé oògùn kò lè ṣe ohunkóhun mọ́ ju kí ó fa ìrora náà gùn, ó sì dámọ̀ràn pé kí a fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò sùn lọ. Ọ̀rọ̀ yìí le púpọ̀. Màmá kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sùn ti ajá náà ní òru ọjọ́ kan, wọ́n sì gbọ́ bí ó ti ń kérora. Ní òwúrọ̀, wọ́n gbà. Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ wọn, ọwọ́ wọn sì wà ní orí rẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi dákẹ́. Wọ́n sin ín sí ọgbà ẹ̀yìn ilé. Wọ́n sunkún, gẹ́gẹ́ bí ọmọ wọn ti sọ. Ó sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún nìkan ni ó kù sí ilé.

Nínú èdè wa, a ní ọ̀rọ̀ kan tí ó la ọ̀ràn yìí yé mi. A ń sọ pé a ń sin ẹran ní ilé, èyí ni pé à ń tọ́jú rẹ̀. A tún ń sọ pé a sin àlejò dé ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí àlejò bá dìde láti lọ, ọmọlúwàbí kì í jókòó sí orí àga kí ó máa juwọ́ sí i. Yóò dìde, yóò bá a gbé ẹrù, yóò bá a dé ìkóríta. Kò sì sí ẹni tí í padà dé ilé kí ó sọ pé òun pàdánù nítorí pé òun sin àlejò. Ẹni tí ó gba ọmọ ajá ń sìn ín bí a ti ń sin ohun ọ̀sìn. Ẹni tí ó gba arúgbó ajá ń sìn ín bí a ti ń sin àlejò tí ó ń lọ. Iṣẹ́ ọlá ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ti èkejì ni kò ní èrè tí ojú ń rí, nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe é kò fi pọ̀.

N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn ṣe é. Ẹni tí kì í gbé ilé, tàbí tí kò lè san owó dókítà ẹran, kí ó má ṣe dáwọ́ lé e, kí ó má ba mú ajá náà padà lọ sí ibi tí ó ti mú un wá. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ náà ní Èkó. Ṣùgbọ́n arúgbó ajá kò wọ́n wa. Ó wà ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, èyí tí ó ti ṣọ́ ilé fún ọdún mẹ́wàá, tí gbígbó rẹ̀ kò sì dún mọ́. Àwọn mìíràn a lé irú rẹ̀ sí títì, àwọn mìíràn a tà á. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ajá kò ní ọmọ tí yóò fún un ní ọmú. Àwa fúnra wa ni a pín àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Ta ni ó kù tí yóò bọ́ ọ, bí kò ṣe ẹni tí ó ti jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀? Omi mímọ́, ibi gbígbẹ láti sùn sí, oúnjẹ tí ó rọ̀ fún ẹni tí kò ní eyín, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kí dìgbòlugi má ba mú un kí ó sì ran ọmọ wa: èyí kò ju agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ.

Ní ti Màmá Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọdún 2024 fi parí, wọ́n ti gba ológbò kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 14, tí ojú rẹ̀ kan kò ríran. Ọmọ wọn ni ó wa ọkọ̀ gbé wọn lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹsẹ̀ yín bá gbé yín dé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ibikíbi, ẹ kí àwọn ọmọ ajá tí ó wà níwájú, nítorí wọ́n dára ní wíwò, wọn kò sì ní pẹ́ rí ẹni mú wọn lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ rìn dé ìpẹ̀kun ọ̀nà.